Àgbà Wà Nílé, Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Nílé wa ní Bódìjà, ẹnikẹ́ni kò nílò aago tí ń jíni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó lójà á ti máa ké kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa á wúkọ́ wúkọ́ kó tó gbà láti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni orin Alhájà á gba balùwẹ̀ kan. Alhájà ni ìyá tó bí Mọ́mì mi. Mọ́kọ́lá ni ilé wọn, ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n kó ẹrù wọn dé, wọ́n ní àwọn wá wẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Mọ́mì, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ti ra ike ìwẹ̀ tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí lára, wọ́n sì ti ka ìwé lórí bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Alhájà yí ike náà wò tinú tẹ̀yìn, wọ́n ní ó dára, wọ́n da ẹ̀wà sínú ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Láti ọjọ́ yẹn títí tí mo fi kúrò nílé, ike ẹ̀wà ni.

Ìwẹ̀ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn, wọ́n á fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o bí ẹni ń bó iṣu. Wọ́n á mú un lápá gbọ̀n ọ́n, wọ́n á mú un lẹ́sẹ̀ gbọ̀n ọ́n, Mọ́mì á sì fi ọwọ́ bo ojú lẹ́nu ọ̀nà. Orí ló máa ń gbẹ̀yìn. Wọ́n á ti àtẹ́lẹwọ́ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi tẹ orí ọmọ yíká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yí òkèlè, wọ́n á wá fi òrí pa á kó máa dán. Wọ́n ní kò sí orí gidi kan tó ń rìn kiri ní Mọ́kọ́lá tí ọwọ́ àwọn ò kàn nígbà tó ṣì rọ̀. Orin tí wọ́n ń kọ sí i kò nítumọ̀ tó ṣe tààrà: orúkọ bàbá wọn wà nínú ẹ̀, oríkì ọmọ wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èébú wà nínú ẹ̀ fún obìnrin kan tó ta ẹja jíjẹrà fún wọn kí wọ́n tó bí Mọ́mì. Mo mọ orin náà dójú àmì. Títí dòní, bí mo bá rí ẹja nínú ìsọ̀ ní Ṣálẹ́ńjì tí mò ń gbé báyìí, èébú yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

Adéṣínà ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí Dádì mi. Ará Èkìtì ni Dádì, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àfi tí èèyàn bá sọ pé ọmọ ọba kọ́ ni wọ́n. Alhájà sì máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní gbogbo ará Èkìtì tí àwọn ti bá pàdé láyé àwọn ló jẹ́ ọmọ ọba, àwọn ò tíì rí ẹyọ kan nínú àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí. Ní ti Alhájà, ọmọ Ìbàdàn kì í dúró de adé ìdílé, ẹni tó bá lè jà ló ń joyè. Dádì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé ìwé ìròyìn wọn sókè díẹ̀ sí i. Àlàó ni Alhájà ń pe ọmọ, èmi àti Mọ́mì ń pè é ní Ṣínà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí nígbà náà, mo gbà pé èmi ni mo ni ín.

Fìlà ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Alhájà fi òwú hun fìlà kan fún Ṣínà, kò sì dúró. Bí a bá dé e fún un tán, á yẹ̀ sápá ọ̀tún, á dà bí fìlà ọ̀mùtí. Alhájà dá òwú lẹ́bi. Mọ́mì fá irun ọmọ, a sì rí i kedere: ẹ̀yìn orí ẹ̀ lápá ọ̀tún tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi búrẹ́dì tí ẹnì kan jókòó lé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, etí tó wà lápá ibẹ̀ sì ti sún síwájú ju ìkejì ẹ̀ lọ. Dádì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bí orí ọmọ ọba ṣe máa ń rí nìyẹn. Alhájà ní orí burúkú kì í wú tuulu, ẹ jẹ́ kí àwọn tún fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mọ́mì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, gbogbo wa sì tẹ̀lé wọn torí Sátidé ni.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, yí ọrùn Ṣínà sọ́tùn-ún, ó lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n yí i sósì, Ṣínà figbe ta. Wọ́n ṣàlàyé pé iṣan ọrùn ẹ̀ ló le lápá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ọ̀nà kan ṣoṣo, tó sì ń sùn lé ojú kan ṣoṣo, egungun orí ọmọdé sì rọ̀, bí a bá ṣe tẹ́ ẹ ló ń gbà. Wọ́n wá béèrè pé nílé, apá ibo ni ọmọ yìí máa ń kọjú sí jù? Èmi ni mo dáhùn, nítorí mo fẹ́ràn ìbéèrè tí mo bá mọ ìdáhùn ẹ̀. Mo ní apá ibi tí Alhájà bá jókòó sí ni, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lórí ẹní, àti pé bí Alhájà bá ń kọrin, Ṣínà kì í wo ibòmíràn. Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Wọ́n ní ká máa mú un wo òsì díẹ̀díẹ̀, ká sì lọ ṣe akoto kan fún un tí á máa tún orí náà ṣe bó ti ń dàgbà, kí egungun tó gan. Wọ́n sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì: kí egungun tó gan.

Alhájà kò gbọ́ èyí tó sọ pé ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Gbogbo Yorùbá ló ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Alhájà fúnra wọn kì í jẹun àárọ̀ láì pa òwe yẹn. Wọ́n ń pa á fún ìjọba lórí rédíò, wọ́n ń pa á fún ẹni tí kò bo ìkòkò ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó rí nínú wa pé orí gan-an ni òwe náà ń sọ. Ó wá di pé àgbà wà, kì í tiẹ̀ ṣe lọ́jà, inú ilé ni, ìdí ọmọ gan-an ni, orí ọmọ sì wọ́. Nínú mọ́tò, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì mo jí sí ariwo pákó, mo gbọ́ ikọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ omi tí ń dà ní balùwẹ̀, n kò gbọ́ orin. Wọ́n wẹ Ṣínà láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń fọ abọ́. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn bọ́ sápá òsì ọmọ kí wọ́n máa kọrin níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni dókítà fẹ́. Alhájà ní ohùn àwọn ti bàjẹ́. Ó dùn mí gan-an nígbà náà, torí mo rò pé ohùn ni lóòótọ́, mo sì ń bu oyin sínú tíì wọn lójoojúmọ́.

Ríńgì Ròódù ni a ti lọ ṣe akoto náà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti bẹ́líìtì fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Ẹsẹ̀ pọ̀ lára ògiri ibẹ̀ ju ti èèyàn tó jókòó lọ. Ó ní òun máa fi pí-ó-pí mú ìwọ̀n orí ọmọ. Alhájà dìde. Pí-ó-pí ni gbogbo onílé tuntun ní Bódìjà fi ń ṣe àjà pálọ̀ wọn, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú bóyá á tún fi gílóòbù aláwọ̀ mẹ́ta sí i yíká. Nígbà tí akoto náà jáde, ó jẹ́ búlúù, fóòmù wà nínú ẹ̀, ihò wà lókè ẹ̀, okùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń dì í. Ọ̀sán àti òru ni Ṣínà gbọ́dọ̀ máa dé e, wákàtí kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ lójúmọ́ fún ìwẹ̀. Mọ́mì ń pè é ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Dádì, tó jẹ́ diákónì, ń pè é ní àṣíborí ìgbàlà. Alhájà ń pè é ní fìlà, àwa náà kò sì rí ewu kankan nínú ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọ ọwọ́ kò mọ nǹkan. Ṣínà mọ̀ pé wọ́n ti fi orí òun sẹ́wọ̀n. Ó ké, ó fi èékánná ya á, ó gbá orí mọ́ àyà Mọ́mì títí Mọ́mì fi ní ọgbẹ́. Oru mú lọ́dún náà, iná kì í dúró, òógùn á kún inú akoto, á máa rùn bíi bàtà bọ́ọ̀lù, a sì gbọ́dọ̀ fi sípírítì nù ún lójoojúmọ́ kí ara ọmọ má sú. Iṣẹ́ mi ni láti fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ihò òkè náà. Dádì ní ọmọ náà ń ké torí pé òun nìkan ló dá wọ nǹkan nínú ilé, wọ́n jáde lọ yá akoto ọlọ́kadà kan ní oríta, wọ́n dé e wọ pálọ̀. Mo lọ mú asẹ́ ògì, mo dé e. Mọ́mì dé fìlà rọ́bà tí wọ́n fi ń wẹ̀. Báyìí ni a jókòó ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí à ń jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ, pẹ̀lú olórí ilé tó ń gba inú gíláàsì akoto sọ̀rọ̀, Ṣínà sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́. Ìyá Ìbejì aládùúgbò wa wọlé láti dá ọmọ odó padà. Ó wo gbogbo wa, ó rọra gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó jáde, kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú òróró àdúrà. Alhájà ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Dádì.

A gbà pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Ṣínà kì í jẹ́ kó mọ́ òun lára. Bí a bá fi í sílẹ̀ láàárọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú akoto, bí mo bá fi máa ti iléèwé dé lọ́sàn-án, igbe ni màá máa gbọ́ láti ẹnu géètì, bí ẹni pé ọjọ́ kìíní ni. Mọ́mì á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á béèrè, Alhájà á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àlejò ló kàn wá kí àwọn láti Mọ́kọ́lá. Àlejò kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ Alhájà. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn àgbà, àwọn àna wọn, àwọn tí wọ́n jọ lọ Mẹ́kà, gbogbo wọn ń wọ kẹ̀kẹ́ wá wo ọmọ tó ń dé fìlà búlúù.

Nígbà tí a padà lọ sí Ríńgì Ròódù fún àyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú wọn orí Ṣínà, ó tún wọ̀n ọ́n, ó fa ojú ro. Orí náà kò kúrò níbi tó wà. Ó dé akoto náà padà fún un, ó di okùn ẹ̀, ó wá béèrè pé ṣé ọmọ yìí ń dé e bí òun ṣe wí. Mọ́mì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò jọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì rọra yíjú sí Alhájà.

"Màámi, ṣé ẹ máa ń yọ ọ́ tí mi ò bá sí nílé?"

"Wàláhì, mi ò yọ ọ́ rí."

Wọn kò tíì pa ẹnu dé tí ìlẹ̀kùn fi ṣí, tí bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá méjì wọlé, tó wá gba ẹsẹ̀ tuntun. Alhájà, tí Ṣínà wà lọ́wọ́ wọn, kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí bàbá náà. Bí wọ́n ti ń kí wọn, ọwọ́ wọn lọ fúnra ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ akoto, ó tú okùn, ó gbé e kúrò lórí ọmọ, wọ́n sì na orí ọmọ sí bàbá náà, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn súre fún un. Bàbá náà fi ọ̀pá kan ti ògiri, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí Ṣínà, wọ́n súre tó gùn. Alhájà ń ṣe àmín.

"Màámi, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo ṣí fìlà ẹ̀ fún àgbà ni."

"Ṣebí ẹ ní ẹ kì í yọ ọ́."

"Mi ò yọ ọ́. Mo ṣí i ni."

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀gún là ń yọ, eyín tó kẹ̀ là ń yọ. Fìlà, ṣíṣí là ń ṣí i, ọmọ tí a bá sì kọ́ kì í dé fìlà síwájú àgbà, àgbà kì í sì í gbé ọwọ́ ìre lé orí tí nǹkan bò. Bí Mọ́mì bá ti béèrè pé ṣé wọ́n máa ń ṣí i, Alhájà á ti dáhùn lọ́jọ́ kìíní pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì ti retí kí wọ́n yin àwọn. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, tó lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, fi bírò ẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè pé àgbà mélòó ló máa ń wá lójúmọ́. Alhájà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka, ìka sì tán. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, ọmọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ ìyà ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ́ ọn lára, orí ẹ̀ kò sì rí àyè yí padà. Ó ní bí kò bá sí àyípadà nígbà tí a bá tún padà wá, òun kò ní tan ẹnikẹ́ni, kò ní sí ìdí láti máa dá ọmọ lóró mọ́.

Nínú mọ́tò, Mọ́mì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn sí ìyá wọn. Wọ́n ní bóyá ó yẹ kí Alhájà padà sí Mọ́kọ́lá lọ sinmi. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, èyí ló sì mú kó burú. Alhájà ń wo ìta. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní àyè títí di ìgbà àyẹ̀wò tó ń bọ̀, bí orí kò bá yí padà, àwọn fúnra àwọn á di ẹrù àwọn. Láti ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga sí ẹnu géètì. Gbogbo àgbà tó bá wá, wọ́n á gba ìkíni lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ń sùn. Ṣínà sùn sùn sùn títí oorun ẹ̀ fi di ìròyìn ní Mọ́kọ́lá, tí ẹnì kan fi fi àgbo ránṣẹ́. Nínú ilé, ọmọ tí wọ́n ní ó ń sùn ti ń rá kiri, akoto ti mọ́ ọn lára. Ó ń fi í kan ìlẹ̀kùn, á dún kò. Ó ń fi í kan ẹsẹ̀ tábìlì, kò. Ó fi í kan Dádì lágbọ̀n nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́, Dádì sì pe ohun kan tí kò sí nínú àdúrà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Alhájà kò lè sọ fún pé ọmọ ń sùn, ẹni náà sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ni, ẹ̀gbọ́n Alhájà àgbà, olórí ẹbí wọn. Wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé wa rí. Láti ọjọ́ tí Mọ́mì ti fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ará Èkìtì ni wọ́n ti ń bínú, Alhájà sì ti bẹ̀ wọ́n títí tí Mọ́mì fi bí èmi, tí wọ́n fi bí Ṣínà. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́yẹlé. Ọmọ àbúrò wọn kan dé fìlà kí wọn nígbà kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀run títí tí ìyẹn fi padà síta, tó ṣí fìlà, tó tún wọlé. Ní tiwọn, fìlà aran kan wà lórí wọn tí wọ́n fà bo etí, kò sì sí ẹni tó rí i kí wọ́n ṣí i rí, nítorí àwọn ni àgbà jù, ta ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún?

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, Dádì dọ̀bálẹ̀ títí aṣọ wọn fi gbá ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Dádì ló gún iyán fúnra wọn, torí wọn kò gbà kí Ìbàdàn dá sí iyán. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé jẹ ẹ́ láìsọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kí àwọn rí i. Mọ́mì gbé Ṣínà lé Alhájà lọ́wọ́, Alhájà sì gbé e lọ síwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti súre. Ọwọ́ náà dúró sí òfuurufú, ó ń dúró de orí.

Mo rí ọwọ́ Alhájà tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ akoto. Mọ́mì náà rí i láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ìka Alhájà dé orí okùn, ó dúró níbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí i, kí Bàbá má bàa bínú lọ; mo sì tún fẹ́ kí wọ́n má ṣí i, torí n kò fẹ́ kí wọ́n padà sí Mọ́kọ́lá.

Bàbá ní, jẹ́jẹ́, "Ọmọ yìí dé fìlà síwájú mi."

Alhájà mú ọwọ́ wọn kúrò lára okùn.

"Fìlà kọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Adé ni. Ọmọ ọba ni bàbá ẹ̀, lÉkìtì. Ọba kì í sì í ṣí adé fẹ́nìkan."

Dádì, tí wọ́n ti ń dúró de gbólóhùn yẹn látọjọ́ ìgbéyàwó, gbé àyà síta díẹ̀díẹ̀ lórí àga wọn. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé wo Dádì. Wọ́n wo àbúrò wọn tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ bẹ̀rù wọn. Wọ́n wo Ṣínà, Ṣínà sì fi akoto kan ojúgun wọn, kò.

"Tó bá jẹ́ ọba ni," wọ́n ní, "a jẹ́ pé èmi ló yẹ kí n ṣí fìlà."

Wọ́n sì fa fìlà aran náà kúrò lórí. Orí tó wà lábẹ́ ẹ̀ pá kodoro, ẹ̀yìn ẹ̀ lápá ọ̀tún sì tẹ́ pẹrẹsẹ, etí tó wà lápá ibẹ̀ sún síwájú ju ìkejì ẹ̀ lọ. Mo wo orí náà, mo wo Ṣínà. Ọmọ tí ẹ bá tọ́ ní Bódìjà, ẹ kò lè dá a lẹ́nu dúró.

Mo ní, "Bàbá, orí yín jọ ti Ṣínà."

Mọ́mì já mi ní èékánná lẹ́yìn. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé fi ọwọ́ pa orí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Tèmi kọ́ ló jọ tiẹ̀," wọ́n ní. "Tiẹ̀ ló jọ tèmi."

Alhájà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo orí ẹ̀gbọ́n wọn bí ẹni rí èèyàn tó ti pẹ́ tó ti ń wá. Ohùn wọn kéré nígbà tí wọ́n béèrè.

"Ta ló wẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìyá wa ni. Ta ni ì bá tún wẹ̀ mí?"

Ìyá wọn ló kọ́ Alhájà bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Ọwọ́ ìyá wọn ni gbogbo Mọ́kọ́lá ń yìn, tí Alhájà kò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ láì gbé ọwọ́ tiwọn sókè. Ọwọ́ yẹn náà ló wẹ orí tó tẹ́ yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín, Bàbá Ẹlẹ́yẹlé sì ń béèrè lọ́wọ́ Dádì bóyá ọkùnrin Ríńgì Ròódù náà ń ṣe irú ẹ̀ fún àgbàlagbà. Dókítà ti ṣàlàyé fún Mọ́mì nìkan tẹ́lẹ̀ pé irú ọrùn líle bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé. Mọ́mì mọ̀ ọ́n, Dádì mọ̀ ọ́n. Títí Alhájà fi kú, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò sọ ọ́ fún wọn, bí ẹ bá sì dán an wò pé ẹ fẹ́ sọ ọ́, Mọ́mì ì bá lé yín jáde. Nígbà tí a padà lọ sí Ríńgì Ròódù, orí ti yí padà. Ó ń yí padà títí ọdún fi yí po, Alhájà kò sì di ẹrù kankan. Lónìí, orí Ṣínà rí rogodo, kò sì wúlò fún nǹkan kan ju fìlà tó ń dé sẹ́yìn lọ. Kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó ní Alhájà ló tọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí Bàbá Ẹlẹ́yẹlé wá ni mo máa ń rántí jù. Mo gbọ́ pákó, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ omi. Alhájà wẹ Ṣínà, wọ́n nù ún, wọ́n dé akoto fún un, wọ́n di okùn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Wọ́n wá gbé àpótí wọn láti ọ̀tún, níbi tó ti máa ń wà, wọ́n gbé e yí ọmọ ká lọ sósì. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ bàbá wọn, ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, wọ́n sì ti fi ọba Èkìtì kan tí kì í ṣí adé há a láàárín. Ṣínà kọ́kọ́ wo ọ̀tún, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó fajú ro. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ akoto tó ń ha ẹní, díẹ̀díẹ̀, ọrùn tó le náà ń yí, ó ń yí, títí tó fi rí wọn.